Bí UI, ìyẹn University of Ibadan, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù àwọn ṣọ́jà ní Elẹ́yẹlé, àti ìjà tó ṣáájú ẹ̀

Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ kàwé ju sẹ́kọ́ńdírì lọ láì sọdá òkun, Yaba Higher College ló kù fún un. Ní 1932 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn níbẹ̀, ó wá di 1934 kí wọ́n tó ṣí i ní gbangba. Ìwé ibẹ̀ le o, ọ̀lẹ kọ́ ló ń wọbẹ̀, àmọ́ téèyàn bá parí tán, dìpúlómà tí wọ́n máa fún un, inú Nàìjíríà nìkan ló ti máa ríṣẹ́ ṣe. Ẹni tó kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, asísítáǹtì dókítà ni wọ́n máa gbà á sí, òyìnbó tó ti ìlú ẹ̀ gba dígírì wá ni ọ̀gá ẹ̀, bí òyìnbó yẹn tiẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, bí kò tiẹ̀ mọ àìsàn ilẹ̀ wa yẹ̀ wò tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀, torí kí wọ́n lè rí asísítáǹtì kó sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe dá Yaba sílẹ̀.

Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó burúkú burúkú. Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies, pẹ̀lú Samuel Akinsanya tó padà jọba ní Ìṣarà Rẹ́mọ, àwọn wọ̀nyí ló kóra jọ ní 1934 tí wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀, ọ̀rọ̀ Yaba yìí gan-an ló sì kó wọn jọ. Ní 1936 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà sí Nigerian Youth Movement, ó sì ràn kọjá Èkó. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí fi èyí sọ́kàn, torí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, àní lẹ́nu àwọn tó jáde ní UI fúnra wọn, pé òyìnbó ló fún wa ní yunifásítì. Òyìnbó kọ́ ló dédé fún wa. Àwọn èèyàn ló jà fún un, fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé ìkejì.

Ogun àgbáyé kejì ló wá yí nǹkan padà. Ní 1943, ogun ò tíì parí, ìjọba London gbé kọmíṣọ̀n méjì kalẹ̀. Ọ̀kan, ti Asquith, ló máa wo ọ̀rọ̀ yunifásítì ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, èkejì ni ti Walter Elliot, olóṣèlú ará Scotland kan, òun ló máa wo ti West Africa nìkan. Èèyàn 14 ló wà nínú ti Elliot, mẹ́ta péré nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Áfíríkà: K. A. Korsah láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, E. H. Taylor-Cummings láti Sierra Leone, àti Rẹ́fáráǹdì I. O. Ransome-Kuti tiwa, tó jẹ́ púrínsípà Abẹ́òkúta Grammar School, tó tún jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1931. Bàbá Fẹlá ni mò ń sọ, ọkọ Fúnmiláyọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi ohun tó ṣe nínú kọmíṣọ̀n yìí tó fún ẹnikẹ́ni láti fi rántí ẹ̀ ká tiẹ̀ má dárúkọ ìyàwó tàbí ọmọ.

Kọmíṣọ̀n náà wá sí West Africa ní 1944, wọ́n yí káàkiri, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn, nígbà tí rìpọ́ọ̀tù máa jáde ní June 1945, ilé ti pín sí méjì. Àwọn tó pọ̀ jù ní kí wọ́n dá yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan ní Nàìjíríà, ọ̀kan ní Gold Coast, ọ̀kan ní Sierra Leone. Àwọn tó kéré, tí Arthur Creech Jones ọmọ ẹgbẹ́ Labour wà lára wọn, ní ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ fún gbogbo West Africa, Ìbàdàn ni kí wọ́n sì gbé e sí, kí àwọn ìlú yòókù máa fọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ká ní Ransome-Kuti fẹ́ mọ ti ara ẹ̀ nìkan ni, apá tó kéré yẹn ni ì bá tọwọ́ bọ̀wé fún, torí gbogbo ẹ̀ pátá ló máa bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo owó, gbogbo lẹ́kíṣọ̀, gbogbo ilé, ká dé Abẹ́òkúta láti ibẹ̀ kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan. Kò ṣe é. Àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apá tó ní kó jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n wà, ọ̀kan ò yẹ̀. Mi ò lè ka ibẹ̀ kọjá láì dúró. Àsìkò tí kò sí àǹfààní kankan nílẹ̀ rárá, tí ẹni tí ebi ń pa á lè sọ pé kí wọ́n ṣáà gbé ti èmi fún mi, ọkùnrin yìí sọ pé ti ẹnìkejì òun náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò wáyé ní Britain ní July 1945, ẹgbẹ́ Labour wọlé, nígbà tó di 1946 ìjọba tuntun yẹn gbé ti àwọn tó kéré: yunifásítì kan ṣoṣo, Ìbàdàn. Àwọn ará Gold Coast yarí kanlẹ̀. Wọ́n láwọn ò ní gbà, wọ́n ní àwọn ń ta kòkó, àwọn lówó, tí London ò bá fẹ́ kọ́ ọ, àwọn á kọ́ tàwọn. Freetown náà ò dákẹ́, torí Fourah Bay College wọn ti ń fún èèyàn ní dígírì Durham láti 1876, ẹni kan ò lè wá sọ fún wọn lẹ́yìn àádọ́rin ọdún pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. London wá rí i pé òun ò lè borí ìyẹn, ó gbà ní 1947 kí Gold Coast ní tiẹ̀, òun ló di Legon. Ìyẹn ni pé ohun tí Ransome-Kuti àtàwọn èkejì ẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀ náà ló padà ṣẹ, wọ́n kàn fi ọdún méjì ṣòfò lé e lórí ni.

Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe púrínsípà àkọ́kọ́ fún University College Ibadan, ìyẹn UCI, ní May 1947, Kenneth Mellanby lorúkọ ẹ̀. Onímọ̀ kòkòrò ni. Nígbà ogun, ní Sheffield, iṣẹ́ tó ṣe tó fi lórúkọ ni ti kúrúnà, torí kúrúnà ń bá àwọn ṣọ́jà Britain jà gidi gan-an, ìjọba sì gbà pé inú bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ti ń ràn wọ́n. Mellanby kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó sọ pé ẹ̀rí ọkàn àwọn ò gba àwọn láyè láti jagun jọ, àwọn yẹn yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹni tó ní kúrúnà, wọ́n ń sùn sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kó lè mọ̀ bó ṣe ń ràn gan-an. Ó rí i pé ti bùláńkẹ́ẹ̀tì ò tó nǹkan, pé ara sí ara ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán wá, ẹni tí kì í dúró de ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé, tó máa ń fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́, mo sì rò pé ìyẹn ló gbà á, torí ohun tó bá nílẹ̀ n'Íbàdàn, kò sí rárá ni ká kúkú sọ. Ilé ò sí. Láàbù ò sí. Ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ọ sí, oko àti igbó ni, ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń dáko lórí ẹ̀. Ohun tó wà ni ọsibítù kan tí àwọn ṣọ́jà fi sílẹ̀ ní Elẹ́yẹlé lẹ́yìn ogun, ìyẹn 56th Military General Hospital.

Ó lè dúró de ilé tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá dúró, ká máa pe kọ̀ǹtírátọ̀, ká máa ya pílánù, ọdún mẹ́rin á lọ. Kò dúró. Wọ́n tún ọsibítù yẹn ṣe, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ṣọ́jà, wọ́n sọ àwọn kan di kíláàsì, wọ́n sọ àwọn kan di láàbù, àwọn kan di ibi táwọn stúdẹ́ńtì ń sùn. Ní January 18, 1948, àwọn stúdẹ́ńtì 104 kó láti Yaba wá sí Elẹ́yẹlé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Nínú 104 yẹn, 49 ló wà lórí kọ́ọ̀sì tíṣà àti ti sọ́fè, ìyẹn ni pé àwọn tó kù, tí wọn ò pé 60, làwọn tó máa fi dígírì ṣe. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kéré tó. Kíláàsì kan ní UI lónìí lè ju gbogbo wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Obìnrin ò tiẹ̀ pọ̀ nínú wọn rárá, ìyẹn ṣì máa ń dùn mí.

Chinua Achebe wà lára àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn. Ìṣègùn ló wá kọ́, sìkọ́láṣíìpù ló gbé e wá, nígbà tó ṣe ọdún kan ó rí i pé ibẹ̀ kọ́ lọkàn òun wà, ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, bó ṣe yí báyìí sìkọ́láṣíìpù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ẹbí ẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí UCI bí, iye dókítà àti iye akọ̀wé ni wọ́n máa ń kà, èmi ò kí í kà á bẹ́ẹ̀, mo máa ń wò ó pé ọmọ ọdún 18 kan láti Ogidi lè dúró nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù àtijọ́ kan ní Elẹ́yẹlé kó sì pinnu pé ìwé lòun máa kọ.

Ní February 1948, yunifásítì London gbà láti bá Ìbàdàn da nǹkan pọ̀. Bí ètò náà ṣe rí ni pé dígírì London ni wọ́n máa fún àwọn ọmọ Ìbàdàn, àwọn lẹ́kíṣọ̀ Ìbàdàn á jókòó pẹ̀lú àwọn ti London lórí síléébọ́ọ̀sì, wọ́n á jọ gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀, wọ́n á sì jọ máàkì ẹ̀. Ní March 25 wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní gbangba. Nígbà tó wá di November 17, 1948, wọ́n lọ sí ilẹ̀ gangan lọ́nà Ọ̀yọ́ láti lọ bẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ bẹ́ ẹ ni Arthur Creech Jones, ẹni tó ti sọ ní 1945 pé Ìbàdàn nìkan ni kí wọ́n gbé e sí, ó ti di mínísítà tó ń bójú tó gbogbo ilẹ̀ tí Britain ń ṣàkóso. November 17 yẹn náà ni UI ń fi ṣe Founders' Day títí dòní. Tèmi, January 18 ni ǹ bá mú, torí ọjọ́ yẹn ni kíkọ́ àti kíkà bẹ̀rẹ̀, November 17 jẹ́ ọjọ́ àwọn àlejò pàtàkì, àmọ́ wọn ò bi mí.

Ilẹ̀ tí UI wà yìí lé ní 1,000 hẹ́kítà, àwọn ìjòyè Ìbàdàn ló fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gba géètì wọlé, tó ti kọjá Àgbowó tí ariwo ẹ̀ kì í tán, á mọ bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fẹ̀ báyìí, ìkọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ ló ti jẹ́ oko ẹnìkan, ẹni tó gbin nǹkan síbẹ̀, tí wọ́n ní kó gbéra. Àwọn orúkọ òyìnbó wà lára gbọ̀ngàn, Mellanby, Tedder, Trenchard, ti Ransome-Kuti wà lára Kútì Hall, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ti àwọn àgbẹ̀ yẹn ò sí níbì kan tí mo mọ̀. Ó yẹ kó wà.

Àwọn tó ya àwòrán ilé náà, tọkọtìyàwó ni, Maxwell Fry àti Jane Drew. Iṣẹ́ wọn ló dára jù lójú mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n mọ̀ pé ooru Ìbàdàn kì í ṣe eré, pé àwọn ò sì lè gbára lé ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n wá kọ́ ilé tó gùn tó sì tín-ín-rín, yàrá kan ṣoṣo ló wà láàárín ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí afẹ́fẹ́ tó bá ti iwájú wọlé lè gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ lọ wo láíbìrì, èyí tó ń jẹ́ Kenneth Dike Library báyìí. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tó ní ihò wẹ́wẹ́ ṣe ògiri níta, láti òkè dé ìsàlẹ̀, oòrùn ò rí ibi gbà wọlé tààràtà, ìmọ́lẹ̀ rọra ń yọ́ wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́ kọjá lára ìwé. Téèyàn bá jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí NEPA ti mú iná lọ tó jẹ́ pé kò sí fáànù tó ń yí, á ṣì lè kàwé. Ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ìyẹn lórí kámpọ́ọ̀sì kan náà, tí wọ́n fi gíláàsì dí pa, tí iná bá ti lọ, ẹ ò ní lè dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A ní àpẹẹrẹ lójú wa, a ò wò ó, ó ń bí mi nínú.

Ìwé tó wà nínú láíbìrì yẹn náà nítàn. John Harris, ará New Zealand, ló wá ṣe olùtọ́jú ìwé níbẹ̀ ní 1948. Lára ohun tó bá ni ìwé Henry Carr, ọmọ Èkó tó dé ipò gíga nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ra ìwé jọ, nígbà tó kú ní 1945 ìjọba ra àwọn ìwé náà, wọ́n wá di ti Ìbàdàn. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀ ni ìwé tí ọmọ ilẹ̀ wa fi owó ara ẹ̀ rà ti wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù yẹn.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀, London yìí ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì tún dè wọ́n lọ́wọ́, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ torí kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé ìwé-ẹ̀rí wọn ò tó, ọ̀rọ̀ asísítáǹtì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹni tó jáde ní Ìbàdàn lè lọ sí Cambridge lọ́jọ́ kejì kí wọ́n gbà á. Ó dè wọ́n lọ́wọ́ torí ohun tí London mọ̀ ni wọ́n ń kọ́. Ẹ̀ka Látìnì àti Gíríìkì wà, Christopher Okigbo ibẹ̀ ló ti jáde, òfin ò sí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ò sí, èdè Yorùbá ò sí lára ohun téèyàn lè fi gba dígírì, n'Íbàdàn o, ní ìlú tí gbogbo ẹni tó bá jáde sí títì ń sọ ọ́. Ó di àwọn ọdún 1960 kí ìyẹn tó yí, kí àwọn bí Ayọ̀ Bámgbóṣé tó gbé ẹ̀kọ́ èdè ilẹ̀ wa débi tó yẹ. Mi ò dá Mellanby lẹ́bi ẹ̀ púpọ̀, torí ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síléébọ́ọ̀sì tiwọn ní 1948, àwọn tó ti jẹ Yaba níyà rí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ pé wọ́n tún ti gbé ayédèrú wá fáwọn.

Ti ìṣègùn ló le jù. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni wọ́n fẹ́ máa lò fún àwọn stúdẹ́ńtì, London wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò tó, bó ṣe di pé àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ìṣègùn n'Íbàdàn ní láti wọkọ̀ ojú omi lọ parí ẹ̀ ní ọsibítù London nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ UCH, ìyẹn University College Hospital, èyí tí wọ́n ṣí ní November 20, 1957. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ wa tó lè bẹ̀rẹ̀ ìṣègùn n'Íbàdàn kó sì parí ẹ̀ n'Íbàdàn.

Ibi tí mo ti bá wọn jà ni ti iye èèyàn. Láàárín 1948 sí òmìnira ní 1960, gbogbo stúdẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ bí 1,000 péré. Nàìjíríà tó ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Wọ́n ní gbogbo stúdẹ́ńtì gbọ́dọ̀ gbé nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí kálukú ní yàrá tó dáa, oúnjẹ tó dáa, nítorí náà iye bẹ́ẹ̀dì ló ń pinnu iye ẹni tó máa wọlé, họ́sítẹ́ẹ̀lì sì ń náni lówó gọbọi láti kọ́. Àwọn tó wọlé gbádùn o, ẹnì kan ò lè sẹ́ ẹ. Grace Alele-Williams kọ́ ìṣirò jáde níbẹ̀ ní 1954, ó padà di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Flora Nwapa jáde níbẹ̀. Wole Soyinka kà níbẹ̀ láti 1952 sí 1954 kó tó kọjá sí Leeds. Àmọ́ fún ẹni kan tó wọlé, mélòó ló ṣe ìdánwò tí wọn ò rí àyè gbà? Àwọn olóṣèlú ń pariwo ẹ̀ nílé aṣòfin, wọ́n ní owó tí wọ́n ń ná síbẹ̀ pọ̀ ju iye ọmọ tó ń jáde lọ, wọ́n ní òyìnbó ló kún inú lẹ́kíṣọ̀, mo sì rò pé wọ́n jàre. Àwọn stúdẹ́ńtì tó wà nínú náà ò fi gbogbo ìgbà dákẹ́, ní 1957 nígbà tí àwọn aláṣẹ fi wáyà yí ibi tí wọ́n ń gbé ká, wọ́n tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi, wọ́n ti kọ́lẹ́ẹ̀jì pa, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé.

Àìgbèrò yẹn ló fà á tí àwọn yòókù fi dé kíákíá. Nsukka ní 1960, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó ní 1962. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ìbàdàn kúrò ní òun nìkan.

Ẹni tó wá bọ́ sí ibẹ̀ lásìkò yẹn ni Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe púrínsípà, láti 1960. Onímọ̀ ìtàn ni, ìjà tó kọ́kọ́ jà kì í ṣe ti yunifásítì rárá, ti ìwé ìjọba àtijọ́ ni, àwọn fáìlì tó ń jẹrà ní ọ́fíìsì káàkiri Nàìjíríà, tí ikán ń jẹ, tí òjò ń rọ̀ sí. Ó lọ yí káàkiri láti àwọn ọdún 1950 lọ, ó kó wọn jọ, òun ni National Archives tó wà lórí ilẹ̀ UI lónìí. Ohun tó ń sọ ni pé ìtàn Áfíríkà wà, pé kì í ṣe ìgbà tí òyìnbó dé ló bẹ̀rẹ̀, pé a lè fi ẹ̀rí gbé e kalẹ̀. Òun, Saburi Biobaku, J. F. Ade Ajayi àtàwọn yòókù ló sọ Ìbàdàn di ibi tí gbogbo ayé ti ń wá kọ́ ìtàn Áfíríkà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn. Lábẹ́ ẹ̀ náà ni Institute of African Studies bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ní December 1962 ni òfin jáde tó sọ UCI di University of Ibadan, tó lè fún èèyàn ní dígírì tirẹ̀, tí London ò sí níbẹ̀ mọ́, ní 1963 Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba, di Chancellor àkọ́kọ́. Láti ọsibítù Elẹ́yẹlé sí ìgbà yẹn, nǹkan bí ọdún 15.

Inú mi ò dùn sí bí Dike ṣe lọ. Ní 1966, lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba méjì àti ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Àríwá, ọ̀pọ̀ lẹ́kíṣọ̀ àti stúdẹ́ńtì tó jẹ́ ọmọ Ìlà-Oòrùn kó kúrò n'Íbàdàn, Dike fúnra ẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní December ọdún yẹn. Ẹni tó bá ti rí bí UCI ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀, tí ọmọ Ogidi, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Warri ń sùn nínú wọ́ọ̀dù kan náà, á mọ ohun tí a sọnù lọ́dún yẹn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, February 1, 1971, ìfẹ̀hónúhàn wáyé lórí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ Azikiwe Hall, àwọn ọlọ́pàá wọ kámpọ́ọ̀sì, wọ́n yìnbọn, ìbọn bá Kúnlé Adépéjú, stúdẹ́ńtì ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ó sì kú. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé àwọn ẹgbẹ́ stúdẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni. Kò yẹ kó gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1971 kan náà ni UI bẹ̀rẹ̀ kámpọ́ọ̀sì kan ní Jos, nígbà tó di 1975 ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di University of Jos. Ilọrin náà tẹ̀ lé e. Wọ́n dá University College sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ Ìbàdàn lára bí Ìbàdàn ṣe wà lára London nígbà kan, àwọn stúdẹ́ńtì 200 ló bẹ̀rẹ̀ ní October 1976. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò jẹ́ kí Ilọrin pẹ́ lábẹ́ Ìbàdàn rárá, torí ọdún kan lẹ́yìn náà, ní October 1977, Ilọrin ti dá dúró gẹ́gẹ́ bíi yunifásítì tirẹ̀.